Àkàrà, Dòdò àti Ọ̀dùnkún: Ọjọ́ Orí Oúnjẹ Nínú Ìtàn Yorùbá

Òwe Yorùbá tó to oúnjẹ ní ipò-ní-ipò fi iyán ṣe olórí, ó fi ọkà tẹ̀ lé e, ó mẹ́nu ba ẹ̀kọ, ó sì fi gúgúrú sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò dárúkọ ẹ̀wà, kò dárúkọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ọ̀dùnkún. Bí òwe náà ti ṣe ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ṣe. Ìwé ìtàn Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ìjàyè kún fún ọba, ogun àti àdéhùn; ohun tó ń hó nínú ìkòkò àwọn obìnrin tó ń bọ́ jagunjagun kì í sábà gbà ju gbólóhùn kan lọ. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni oúnjẹ tí wọ́n ń sè nílé láìsí ariwo, tí wọ́n fi ń ti ẹ̀kọ tàbí gàárì lẹ́yìn, tàbí tí ọmọdé fi ń panu kí iyán tó délẹ̀: àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kuru, àdàlú, dòdò, ọ̀dùnkún sísè. Nígbà tí ènìyàn bá pe irú wọn ní oúnjẹ àbáláyé, ìgbà wo gan-an ni ó ń tọ́ka sí?

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ń jẹ gbogbo wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ohun ọ̀gbìn nìkan, ìdáhùn yìí kò lè dúró. Nínú ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀dùnkún, ẹ̀wà nìkan ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú hóró ẹ̀wà tó ti jóná jáde ní àwọn ibùdó àṣà Kintampo ní Gánà, ọjọ́ orí wọn sì tó nǹkan bí 3,500 ọdún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà wá. Ìgbà tó dé ẹkùn yìí ṣì ń fa àríyànjiyàn: ní Nkang ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wọ́n rí àmì tíntìntín kan nínú ilẹ̀ tí àwọn kan kà sí ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó sì ti lé ní 2,000 ọdún, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dùnkún ni àbúrò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, kò sì lè ti dé etíkun wọ̀nyí kí Columbus tó sọdá òkun ní 1492. Pòtétò, tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́ òyìnbó, tún kéré sí i lọ́jọ́ orí. Àwọn òyìnbó ló mú un dé, orí òkè Jos tí wọ́n ti ń wa tánńganran ló ti gbilẹ̀, ìjọba amúnisìn sì ti ọ̀gbìn rẹ̀ lẹ́yìn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945) kí àwọn ọmọ ogun lè rí i jẹ.

Orúkọ kò ran òpìtàn lọ́wọ́ níhìn-ín. Ọ̀dùnkún, ànàmọ́, kúkúǹdùkú: kò sí èyí tó ń rán ni létí òkun nínú wọn. Àlejò náà ti gba orúkọ ilé tán, bí àgbàdo ti gbà á ṣáájú. Orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ti pẹ́. Àdàlú tilẹ̀ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé àdàpọ̀ ni òun: ẹ̀wà ilẹ̀ Áfíríkà àti àgbàdo ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú ìkòkò kan, kò sì lè ju nǹkan bí 500 ọdún lọ. Inú àkàrà pàápàá kò mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ata rodo àti ata wẹ́wẹ́ tó ń ta lẹ́nu ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Bí obìnrin kan bá din àkàrà ṣáájú ìgbà náà, ìyèré tàbí ataare ni ì bá fi mú un ta.

Ọjọ́ orí èròjà yàtọ̀ sí ọjọ́ orí oúnjẹ. Ẹ̀wà lè ti wà ní oko fún ẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bó o, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó sì dà á sínú epo gbígbóná. Òkè òkun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí wà. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di 1850 tí ìjọba Bràsíl fòfin de kíkó ẹrú wọlé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nagô. Ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ogun tó tẹ̀ lé e ló mú iye wọn pọ̀ sí i. Kúbà gba tirẹ̀ títí di àwọn ọdún 1860, ó ń pè wọ́n ní Lucumí. Obìnrin tí wọ́n dè lọ kò gbé ìkòkò, kò sì gbé ọlọ. Ohun tó mú lọ ni bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀wà, bí wọ́n ṣe ń bó o, bí wọ́n ṣe ń pò ó kí ó lè fúyẹ́, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é bí ó bá jinná. Ní Salvador, wọ́n ń din ín nínú epo pupa, wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àkàrà àti jẹ ló papọ̀ di orúkọ náà. Manuel Querino, tó kú ní 1923, kọ ìwé lórí ìdáná Bahia, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1928. Acarajé, abará àti ecuru wà nínú rẹ̀, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń pọ́n ecuru sí. Ní Kúbà, àwọn olórìṣà ń se olelé àti ekrú. Ní Freetown, níbi tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń já àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí, akara àti olele wà títí di òní.

Ìlú mẹ́ta tí òkun yà sọ́tọ̀ kò lè pàdé láti jọ hùmọ̀ orúkọ. Nítorí náà àkàrà, ẹ̀kuru àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ nílé, ó pẹ́ tán, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Yíyàn tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì yan àkàrà láti fi pe búrẹ́dì, nínú iṣẹ́ tó parí ní 1884, bá èyí mu: ohun tí gbogbo olùgbọ́ mọ̀ ni wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí kò ṣeé yí sódì. Àwọn ará Bahia ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, orúkọ Potogí ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni tó bá torí èyí sọ pé dòdò kò pẹ́ nílé ti sọ àìsí ẹ̀rí di ẹ̀rí. Abará náà gba ìṣọ́ra. Ó jọ àbàlá létí, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni ti Bahia, ìrẹsì lílọ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe àbàlá ní apá kan ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé ló yí padà, tí ẹni tó lọ sì di ti àtijọ́ mú.

Oúnjẹ mìíràn lọ, ó sì bọ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà wá tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n fi ń rántí ikú Jésù, wọ́n ń se ẹ̀wà kúnná pẹ̀lú omi àgbọn, wọ́n ń pè é ní fùréjọ̀n, láti inú feijão, tó jẹ́ ẹ̀wà lédè Potogí. Ará Èkó kò ka fùréjọ̀n sí àjèjì mọ́. Ẹ̀wà Àgànyìn, tí àwọn obìnrin láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń gbé kiri, ni ó ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn tó mú un wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti wá kò jìnnà rárá.

Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta acarajé sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀, kí ìdíje Ife Àgbáyé ti 2014 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti jà kí wọ́n tó gbà wọ́n láàyè láti tajà ní pápá Fonte Nova. Ìjà orúkọ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nítorí pé oúnjẹ Iansã, ìyẹn Ọya, ni acarajé ní ilé candomblé, àwọn kan lára ọmọ ìjọ ajíhìnrere tó ń tà á ti sọ ọ́ di bolinho de Jesus. Ẹ̀wà kan náà ni, epo kan náà ni. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè má pàdánù nǹkan kan. Òpìtàn ni ọ̀nà dí mọ́, nítorí láti inú orúkọ tuntun yìí kò sí ipa ẹsẹ̀ tó padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Nílé pàápàá, mọ́ínmọ́ín ti ń lé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kúrò lẹ́nu àwọn ará ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì mọ ẹ̀kuru ju orúkọ lọ. Ní Havana, wọ́n ṣì ń gbé méjèèjì síwájú òrìṣà.