Giramafóònù àtijọ́: Ohun tó ń sọ ọ́ di olówó ńlá, àti bí ẹ ṣe lè dá ayédèrú mọ̀

Ní àwọn ọjà ohun àtijọ́ káàkiri ayé, ẹ̀rọ kan wà tí kì í pẹ́ fa ojú èèyàn mọ́ra: àpótí pákó kékeré, ìwo idẹ ńlá tó ń dán yanran lókè rẹ̀, àti àwòrán ajá tó dẹtí sílẹ̀ níwájú ìwo. Ọlọ́jà á ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Á yí ọwọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé àwo lé e, orin á sì jáde. Oníbàárà á sanwó, á gbé e relé, inú rẹ̀ á sì máa dùn títí di ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà bá yà kí i nílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni onítọ̀hún máa wò ó, tí yóò fi sọ pé ẹ̀rọ ọ̀hún ò tíì dàgbà tó ẹni tó rà á.

Irú nǹkan báyìí ló ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láàárín àwọn tó ń ra ẹ̀rọ akọrin àtijọ́. Owó gidi ló wà nínú òwò náà, nítorí àwọn kan wà lára ẹ̀rọ wọ̀nyí tí iye wọn tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, àwọn mìíràn sì wà tí kò ju owó aṣọ lọ. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ni wọ́n máa ń jẹ lówó, yálà ó ń rà ni tàbí ó ń tà.

Fonógíráfù tàbí giramafóònù?

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà látilẹ̀wá. Thomas Edison ló ṣe fonógíráfù lọ́dún 1877 ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà. Ohun tó fi gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà ni bébà onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fẹ́ jọ èyí tí wọ́n fi ń wé sìgá nínú páálí, tó wé mọ́ ara sílíńdà. Nígbà tó yá, ìda ni wọ́n ń lò dípò bébà. Sílíńdà onída yìí dà bí ife tí kò nídìí, ara òde rẹ̀ ni ohùn wà.

Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ló mú giramafóònù wá lọ́dún 1887. Tiẹ̀ ń lo àwo pẹrẹsẹ, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwo rọrùn láti tẹ̀ lọ́pọ̀, ó sì rọrùn láti tò jọ, ìdí nìyẹn tó fi borí. Edison fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú òwò náà lọ́dún 1929. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní fonógíráfù títí dòní, bẹ́ẹ̀ giramafóònù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwa níbí ń pè é. Bí ẹ bá ń bá ọlọ́jà tó wà l'Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá sílíńdà ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò tàbí àwo, kí ẹ má baà san owó ohun tí ẹ ò ní rí àwo gbé lé.

Gbígbó nìkan kọ́ ló ń mówó wá

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó jogún irú ẹ̀rọ yìí ni pé wọ́n rò pé bó ti gbó tó náà ni owó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Edison ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Standard, Home àti Gem lọ́pọ̀ yanturu, torí pé ilé àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, owó wọn kò sì le. Àmọ́ ẹ̀yí tí wọ́n ń pè ní Opera, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1911, kò pọ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni, ìwo rẹ̀ jẹ́ pákó, orí tó ń ka ohùn sì dúró sójú kan nígbà tí sílíńdà fúnra rẹ̀ ń rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkójọ máa ń du Opera gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Standard mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ dáyé ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nǹkan ìṣeré ọmọdé wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù. Kí giramafóònù Berliner tó di ohun àgbà, ilé iṣẹ́ Kämmer & Reinhardt ní Jámánì, tí wọ́n ń ṣe bèbí, ti kọ́kọ́ tà á gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré tí ọmọ á máa fi ọwọ́ yí. Lọ́dún 1903, ilé iṣẹ́ Stollwerck ní ìlú Cologne tún gbé giramafóònù kékeré onípáànù jáde, ṣokoléètì ni wọ́n sì fi ṣe díẹ̀ lára àwọn àwo rẹ̀. Ọmọ á gbọ́ orin tán, á jẹ àwo. Ẹ lè fojú inú wo iye irú àwo bẹ́ẹ̀ tó máa ṣẹ́ kù lónìí.

Lẹ́yìn ìṣọ̀wọ́n, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹ̀rọ náà pé, àti bóyá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló jẹ́ tiẹ̀ látilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló wà tí ìwo rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí mọ́tò rẹ̀ wá láti ibòmíràn. Kò burú kí wọ́n tà á, bí ọlọ́jà bá ti là á mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá pa á mọ́, tí àṣírí sì tú, kò ní rí oníbàárà mọ́ láàárín àwọn olùkójọ, nítorí wọn ò pọ̀, wọ́n sì mọ ara wọn dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pákó ti máa ń dun èèyàn nìyí. Ẹnìkan á fẹ́ ta ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, á ní kó lè mówó wá, á gbé e fún káfíńtà kó ha gbogbo ara rẹ̀, kó sì fi fáníìṣì tuntun kùn ún. Káfíńtà á ha orúkọ Edison tí wọ́n fi wúrà kọ sára pákó kúrò. Ó di dídán, ṣùgbọ́n owó tó yẹ kó gbà ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èérún pákó yẹn. Ìdọ̀tí ọgọ́rùn-ún ọdún sàn ju ìwẹ̀ tí kò yẹ lọ lójú olùkójọ.

Ayédèrú ọlọ́wọ́ ìwo idẹ

Ẹ̀rọ tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti ń wá. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwọn arìnrìn-àjò àti fún àwọn tó ń kó ọjà lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn olùkójọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti fún un lórúkọ ẹ̀gàn, wọ́n ń pè é ní crapophone. Ó ń kọrin lóòótọ́, torí pé mọ́tò inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ojúlówó tí wọ́n yọ lára giramafóònù àgbékáàkiri tó ti bàjẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí irọ́ náà wọlé.

Ẹ wo àpótí rẹ̀. Ayédèrú sábà máa ń ní igun mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, pẹ̀lú idẹ tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí tí wọ́n kàn mọ́ igun rẹ̀. Ojúlówó tó pọ̀ jù ní igun mẹ́rin, pákó gidi bí óòkù tàbí mọ̀gánì ni, ìsopọ̀ rẹ̀ sì ṣe déédéé. Ẹ wá wo ẹ̀yìn, níbi tí ìwo ti so mọ́ àpótí. Lára ojúlówó Victor, irin tó nípọn tí wọ́n rọ dáadáa ló gbé ìwo dúró, apá tó gbé orí ẹ̀rọ sì máa ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ ìwo. Ti ayédèrú jẹ́ ọ̀pá idẹ fẹ́lẹ́ tí wọ́n jó pọ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á máa mì.

Ìwo idẹ nìkan kò tó láti fi dá ẹ̀rọ kankan lẹ́bi, nítorí idẹ wà lára àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Àmọ́ irin tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, tàbí pákó, ni ọ̀pọ̀ ìwo ńlá ìgbà yẹn. Ojúlówó Victor tún máa ń ní àwo irin kékeré kan tí wọ́n kọ irú ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Bí kò bá sí nọ́ńbà níbì kankan, tó jẹ́ àwòrán ajá nìkan ni ọlọ́jà ń tọ́ka sí, ẹ yáa rọra.

Ajá yẹn gan-an ní ìtàn. Nipper lorúkọ rẹ̀, Francis Barraud ló yà á. Nígbà tó kọ́kọ́ yà á, fonógíráfù onísílíńdà ni ajá náà ń gbọ́. Ilé iṣẹ́ Gramophone Company ní London ló sọ fún un lọ́dún 1899 pé kó fi giramafóònù tiwọn rọ́pò rẹ̀ nínú àwòrán, kí wọ́n tó rà á. Nítorí náà, kódà àwòrán ojúlówó náà ti gba àtúnṣe kí òwò tó dé ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá dé iwájú ẹ̀rọ

Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yẹ kó máa le díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń yí lọ láìle rárá, sípíríǹ inú rẹ̀ ti já. Bó bá ń dún gbì gbì bó ṣe ń tú, gíríìsì inú ilé sípíríǹ ló ti gbẹ. Méjèèjì ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ máa san. Ẹ má ṣe tú ilé sípíríǹ fúnra yín o, agbára tó wà nínú rẹ̀ lè gé ọwọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ orí tó di abẹ́rẹ́ mú wò. Nígbà kan, àdàlù síńkì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń ṣe orí àti apá àwọn ẹ̀rọ kan. Irú irin yìí máa ń wú láti inú wá, á sán, á sì máa rún bó ti ń dàgbà. Kò sí oògùn fún un, àfi kí wọ́n wá òmíràn.

Fún ẹ̀rọ onísílíńdà, ìbéèrè kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ṣé oníṣẹ́jú méjì ni tàbí oníṣẹ́jú mẹ́rin? Sílíńdà àkọ́kọ́ ń kọrin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Lọ́dún 1908, Edison mú Amberol jáde, tí ìlà ohùn rẹ̀ fún pọ̀ ní ìlọ́po méjì, ó sì ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin. Orí ẹ̀rọ ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Ẹni tó bá fi orí oní-dáyámọ́ńdì tí wọ́n ṣe fún Blue Amberol, èyí tó le bí ike, ka sílíńdà onída, á gbẹ́ ohùn inú rẹ̀ dànù pátápátá. Ẹ má sì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù òde òní sórí giramafóònù onísípíríǹ. Abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ wúwo, á fọ́ ọ lójú.

Ibi tí wọ́n ti ń pàdé

Ojúkojú ni òwò yìí ti dáa jù. Ẹgbẹ́ City of London Phonograph and Gramophone Society ti wà láti ọdún 1919, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà l'Amẹ́ríkà. Níbi ìpàdé wọn, èèyàn lè gbọ́ ẹ̀rọ kó tó sanwó, kó sì rí àgbà tó máa sọ òótọ́ fún un. Ibi gbàǹjo náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé iye tí wọ́n bá kígbe kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ilé gbàǹjo máa ń bu owó tiwọn lé e, owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìwo àti orí ẹ̀rọ, kí wọ́n di oníkálukú lọ́tọ̀, kí wọ́n sì so mọ́tò mọ́lẹ̀ kó má baà máa gbá kiri. Sílíńdà onída kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí otútù àti ooru pàdé lára rẹ̀ lójijì, á là ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìka méjì gbé e, torí pé òógùn ọwọ́ máa ń fa èbu sára ìda.

Àwọn àwo tó wà nílé yín ńkọ́?

Nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí àwo ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ lọ. Ẹ̀rọ Victor tó wà lábúlé kan ní ìbejì rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibòmíràn. Àmọ́ lọ́dún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ìyìn tó lé ní 40 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London, èdè Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Túndé King àti Àyìndé Bákàrè náà kọ orin jùjú sínú àwo. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Àwọn olùkójọ láti òkè òkun ń wá a, wọ́n sì ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Oje kòkòrò tí wọ́n ń pè ní shellac wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwọn àwo wọ̀nyí. Bí wọ́n bá já bọ́, wọ́n máa ń fọ́ bí abọ́ tánganran. Ọtí tàbí sípírítì máa ń yọ́ wọn, nítorí náà aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù wọ́n, kí omi má dé ara bébà àárín. Òòró ni kí ẹ tò wọ́n, kí ẹ má tò ó lé ara wọn bí àwo oúnjẹ, ìsàlẹ̀ á fọ́. Bí ẹ bá máa kọ ọ́, abẹ́rẹ́ irin kan fún ojú kan ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó yí àwo padà.

Bí oníbàárà bá sì dé, kí ẹ tó dúnàá dúrà, ẹ ya fọ́tò bébà àárín àwo kọ̀ọ̀kan kó hàn kedere, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwo lẹ́bàá rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí àwo àti ẹni tó kọ ọ́. Ẹ wá ẹni tó máa gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó jẹ́ kó kúrò nílé.