Ètè kì í ṣe ẹ̀tẹ̀: àkọtọ́ Yorùbá lọ́wọ́ àgbà tó kàwé Faransé ní Houinmè

Orúkọ Houinmè, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ti tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Àkọtọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́: è ìparí rẹ̀ dúró fún ìró ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pobè rí fún Pọ́bẹ̀, àti Olatoundji fún Ọlátúnjí. Ẹni tí irú orúkọ báyìí wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ ti ní àkọtọ́ kan lọ́wọ́ kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ rárá. Bó bá dàgbà tó wá fẹ́ kọ Yorùbá, tó sì fẹ́ fi kọ́ ọmọ rẹ̀, méjì mìíràn ló ń dúró dè é.

Èkíní ni ti Nàìjíríà. Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843. Àwọn ìjọ pàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Ìgbìmọ̀ kan tún un gbé yẹ̀ wò ní 1966, àtúnṣe náà sì gba òǹtẹ̀ ní 1974. Aiye di ayé, enia di ènìyàn. Àgbà tó ti mọ Bíbélì àtijọ́ kà dáadáa ní láti tún ojú rẹ̀ kọ́.

Ní ti Benin, òfin ẹ̀kọ́ tí Faransé ṣe ní 1924 kò fàyè gba èdè ìbílẹ̀ ní kíláàsì. Ọdún 1975 ni ìjọba gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀, tí wọ́n tún ṣe ní 1990 àti 2008. Níbẹ̀, iṣẹ́ di ishɛ́, ọpẹ́ di ɔkpɛ́. Crowther lè fi p kọ kp nítorí pé Yorùbá kò ní p mìíràn. Ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àdúgbò tí Gùn àti Yorùbá ti jọ ń gbé, ọmọ tó mọ kp àti ɛ ti rí ọ̀nà wọ èdè méjèèjì; ní tèmi, èrè yìí tóbi ju bí àwọn ará Ìbàdàn ti máa ń gbà lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà ló ń dá àgbà láàmú jù. Àmì ni. Lójú ẹni tó kàwé Faransé, é jẹ́ ìró e, è jẹ́ ìró ẹ. Lójú Yorùbá, àmì orí ń sọ bí ohùn ti ga tó, kò kan bí ẹnu ti ṣí tó. Nínú adé, ojú méjèèjì gbà, nítorí náà àṣìṣe náà fara pamọ́. Ẹ wá kọ ètè, ti ẹnu, síwájú bàbá kan ní Houinmè: ẹ̀tẹ̀ ni yóò kà, àìsàn tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dárúkọ níwájú ọmọ. Bó bá fẹ́ kọ ẹ̀tẹ̀, ètè náà ni yóò kọ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi rò pé kí àgbà ya iṣẹ́ méjì náà sọ́tọ̀ kó tó jókòó ti ọmọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi dò, re, mí kùn orúkọ àwọn ará ilé, láìkọ nǹkan kan. Ọmọ máa ń tètè mọ̀ ọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wo ẹnu ara wọn: e, ẹ; o, ọ. Bí wọ́n bá wá fẹ́ kọ ọ́, kí wọ́n yan ẹ tàbí ɛ, èyí tí ìwé ọwọ́ wọn bá lò.