Ààbọ̀ Mọ́tò ni Òyìnbó Kó Wá

Bí ènìyàn bá dárúkọ bọ́lẹ̀kájà lónìí, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rín. Wọ́n á ní mọ́tò onípákó, mọ́tò ará oko. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má tètè bá wọn rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ti rìn lójú títì ilẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ ni ọwọ́ tiwa pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ọ̀fà ní 1908. Kò yà sí Èkìtì rárá. Ará Ìkọ̀lé, ará Ọ̀yẹ́, ará Ìdó, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ìgbà tí kòkó wá bẹ̀rẹ̀ sí í so lóko wọn, orí kò gbà á mọ́. Mọ́tò akẹ́rù ló gbà wọ́n.

Mọ́tò kì í ṣe àjèjì pátápátá fún wa nígbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni W. A. Dáwódù ti ń ta mọ́tò ní Èkó, tó ń tún un ṣe, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Nígbà tó yá ni Bedford dé, èyí tí ilé iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tó sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi? Kì í ṣe odindi mọ́tò o. Ẹ́ńjìnnì ni, imú mọ́tò, táyà, àti ṣáàsí, ìyẹn egungun irin gbọọrọ tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ibi tí èrò àti ẹrù yóò wà, òfìfo ni. Owó gọbọi ni wọn ì bá san láti gbé àpótí òfìfo la òkun kọjá, bẹ́ẹ̀ igi pọ̀ nílé wa bí ilẹ̀.

Àgbàlá káfíńtà ni ọkọ̀ náà ti ń pé. Káfíńtà á to ìtì igi líle sórí ṣáàsí ní ìbú, á fi irin àti nọ́ọ̀tì dè é típẹ́típẹ́. Á na òpó sókè, á kan òrùlé, á tẹ́ pákó fún ìjókòó. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń sọ bó ṣe fẹ́ ẹ: ti ìṣu àti kòkó ni, àbí ti èrò. Lẹ́yìn náà ló kan ọlọ́dà, tí yóò kùn ún, tí yóò sì kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀: “Ìwà l'ẹwà”, “Ìyá ni wúrà”. Ọkọ̀ tó bá kúrò níbẹ̀ ti ní orúkọ tirẹ̀.

Láyé ìgbà náà gan-an, àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Califóníà, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ra ògbólógbòó Ford. Wọ́n á tú u palẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi sáré lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ. Hot rod ni wọ́n pè é. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, wọ́n ti ní ìwé ìròyìn tiwọn, tó ń jẹ́ orúkọ yẹn náà. Tiwọn, eré ni. Tiwa, oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n tiwọn wọ inú ìwé. Ta ló kọ orúkọ káfíńtà tiwa sílẹ̀?

Kí á má parọ́, bọ́lẹ̀kájà ní àléébù. Bí ó bá takìtì, pákó á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì ṣe èrò léṣe. Bí iná bá ràn án, ó di eérú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná ní 1975, tí dáńfó onírin sì ń pọ̀ sí i, ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ti lé.

Iṣẹ́ náà kò kú, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Àwọn wẹ́dà Èkó fi páànù irin ṣe ohun tí káfíńtà fi pákó ṣe: wọ́n gbé e ka Mercedes 911, ó di mọ́lúè. Ní 2014, ìròyìn tàn káàkiri nípa Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tó sọ Volkswagen alájàpá di ọkọ̀ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń wà. Àlòkù irin ló pọ̀ jù nínú ohun tó lò.

Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé sì ni wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ibẹ̀ wá àwọn bàbá tó kan bọ́ọ̀dì lọ́rì rí, kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn àti ọgbọ́n wọn sílẹ̀. Àwọn bàbá náà kò pọ̀ mọ́, ọjọ́ sì ń lọ.