Páànù Ló Pe Símẹ́ńtì Wọ Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ nípa ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kò ju báyìí lọ: ojú là, owó dé, àwọn ènìyàn bá pa amọ̀ tì, wọ́n gba símẹ́ńtì mú. Ìtàn yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ẹni tó bá wọ àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ tàbí ní Ìlá Ọ̀ràngún yóò rí ilé tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ pọ́ńbélé, tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí páànù tó ti dógùn-ún sì bò lórí. Ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lágbedeméjì. Ara rẹ̀ ni a ti lè ka bí nǹkan ṣe tẹ̀lé ara wọn: òrùlé ló kọ́kọ́ yí padà, ojú ògiri ló tẹ̀lé e, ògiri fúnra rẹ̀ ló yí padà kẹ́yìn. Èmi kò gbà pé èèṣì ni. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni àwọn baba wa fi yan páànù, ṣùgbọ́n páànù yẹn ló sọ símẹ́ńtì di dandan, símẹ́ńtì ló sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún búlọ́ọ̀kù, títí ilé kíkọ́ fi kúrò lọ́wọ́ ẹbí tó bọ́ sọ́wọ́ olówó.

Ilé amọ̀ àtijọ́ kì í ṣe iṣẹ́ wúruwùru. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ọ́n, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti rọlẹ̀ tí omi kò sì tíì gbẹ tán lódò. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sù ú ní ìṣù ìṣù fún ẹni tó dúró lórí ògiri. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, nítorí ògiri tútù kò lè gbé ẹrù. Lókè yàrá, wọ́n á to igi sún mọ́ra láti ògiri dé ògiri, wọ́n á wá fi amọ̀ tẹ́ ẹ lórí. Èyí ni àjà. Wọ́n ń kó nǹkan oko sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni ààbò: bí iná bá mú koríko òrùlé, ì báà jẹ́ iná ọyẹ́ tàbí iná ogun Ìlọrin àti ti Núpé tí ilẹ̀ Ìgbómìnà jìyà rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, koríko á jó, àjà á dá iná náà dúró, ẹrù inú yàrá kò sì ní bá a lọ. Òrùlé náà máa ń yọ síta jìnnà, tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi ń kanlẹ̀ láì kan ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká ló ń gba etí òrùlé yẹn dúró pẹ̀lú òpó rẹ̀, láàfin àti nílé àwọn ìjòyè sì ni òpó wọ̀nyí ti ń di iṣẹ́ ọnà ní ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére bí ìdílé Fákẹ́yẹ ti Ìlá, tí Làmídì Fákẹ́yẹ ti jáde.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àìmọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ kọ́lé, kó wo Èsìẹ́. Ère òkúta tó ju 1000 lọ wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, irun orí wọn sì jẹ́ àrà ọ̀tọ̀. Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa wọn, nígbà tó sì di 1945, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n dá sílẹ̀ nítorí wọn. Àwọn ará Èsìẹ́ kò sọ pé àwọn ló gbẹ́ ère wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n jogún ni pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé láàárín òkúta, tó ń fi òkúta lọ ata, tó ń rí àpáta lójoojúmọ́, tó wá fi amọ̀ mọ ògiri rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò mọ ohun mìíràn. Ó yàn án ni. Amọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, kò bèèrè irin tí yóò gé e, gbogbo ọwọ́ tó bá wà nílé ló sì lè bá a ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á bẹ ọ̀wẹ̀, á pèsè oúnjẹ àti ẹmu, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á dìde. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àna rẹ̀ mọ ògiri tàbí ṣe òrùlé. Àwọn obìnrin ló ń pọn omi. Àwọn náà ló ń rẹ́ ògiri, tí wọ́n ń lu ilẹ̀ yàrá, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù tàbí omi èèpo irúgbá pa á títí yóò fi le tí yóò sì máa dán. Irinṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti oko: ọkọ́, àdá, igbá, ìkòkò, okùn àti àkàbà. Kò sí ẹni tó ń ra irinṣẹ́ ìkọ́lé lọ́tọ̀. Àmọ́ àléébù kan wà nínú ètò yìí, ó sì wà lórí ilé gan-an. Ògiri, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń mọ ọ́n. Òrùlé koríko kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí ó fi ń jò, ó sì di dandan kí baálé ilé tún bẹ ọ̀wẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dín nílùú, òrùlé ni yóò kọ́kọ́ fi hàn.

Ọwọ́ náà sì dín lóòótọ́. Nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897, ìkónilẹ́rú rọlẹ̀, ọ̀nà là, àwọn òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí. Àwọn ọ̀dọ́ Ìgbómìnà wá owó lọ: àwọn kan dé oko kòkó ní Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, àwọn mìíràn sọdá sí Gáánà tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ojú irin tó ti dé Ìbàdàn ní 1901 dé Ọ̀ffà àti Ìlọrin ní 1908, páànù sì wà lára ẹrù tó ń bá a wọlé. Láti Ọ̀ffà, orí ènìyàn ló ń gbé e dé Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán kí mọ́tò tó gba iṣẹ́ náà. Ẹ wo bí páànù ṣe bá ìṣòro ọjọ́ náà mu. Ọmọ tó wà lájò kò lè wálé wá ṣe ọ̀wẹ̀ òrùlé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fi owó páànù ránṣẹ́. Páànù ìgbà yẹn nípọn, ẹni tó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan lè má tún gun òrùlé títí yóò fi darúgbó. Kì í gbiná. Bí ilé bá wó, wọ́n lè tú u, kí wọ́n lò ó sórí òmíràn, kí wọ́n tà á, tàbí kí ọmọ jogún rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀bi kankan nínú ìpinnu yìí. Òun náà ló sọ káfíńtà di oníṣẹ́ tí à ń sanwó fún, nítorí ayùn àti òòlù kì í ṣe irinṣẹ́ oko.

Ohun tí wọn kò kà mọ́ ọn ni etí òrùlé. Koríko, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń fi í ṣe òrùlé lè jẹ́ kó yọ síta bó ṣe wù ú. Páànù, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń rà á, ẹsẹ̀ bàtà kan tí òrùlé bá sì fi yọ síta yíká ilé, owó ni. Bẹ́ẹ̀ ni etí òrùlé ṣe ń kúrú, tí òpó àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń dín kù, tí òjò wá ń gbá ògiri lójú. Omi tó ń já láti orí páànù kì í rọra ṣàn bíi ti koríko. Ó ń já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó ń ta ẹrẹ̀ sí ìdí ògiri, ó sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́. Amọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ òjò tẹ́lẹ̀ wá di aláìlera lójú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Símẹ́ńtì ni wọ́n sáré wá fi gbà á là.

Ìwòsàn yẹn kò mú àìsàn náà kúrò. Amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì bó bá gbẹ. Símẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn bíríkìlà mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò ní pẹ́ tú ká. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sára ògiri, tí wọ́n ń kan òkúta kéékèèké mọ́ ọn kí símẹ́ńtì lè rí ohun dì mú. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ìka kan ojú irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ibi tó ti ṣófo. Omi á gba ojú ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa rọ̀, títí abala kan yóò fi ṣí kúrò lódindi. Onílé á tún un rẹ́, á tún ṣí. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹni tó bá rí owó á parí èrò sí pé amọ̀ ni ọ̀tá, á sì wó ògiri náà láti ìpìlẹ̀.

Owó náà dé ní ọdún 1970 sókè. Kí ó tó dé, ní 1969, ìjọba Busia lé àwọn àjèjì kúrò ní Gáánà, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì bá ara wọn nílé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé lábúlé kò gbàgbé ọdún yẹn bọ̀rọ̀. Owó epo rọ̀bì gòkè ní 1973 sí 1974, owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, ọdún yẹn gan-an sì ni ọkọ̀ ojú omi tó kó símẹ́ńtì tò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún sẹ́nu etíkun Èkó, nítorí ìjọba ti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láìro bí èbúté yóò ṣe gbà á. Láti ìgbà náà ni mọ́ọ̀dù onírin, ṣọ́bìrì àti bárò ti di ohun tí à ń rí níwájú ilé tuntun, tí búlọ́ọ̀kù íǹsì 9 àti íǹsì 6 sì di èdè tí ọmọdé pàápàá gbọ́. Ọ̀wẹ̀ ò bá irú iṣẹ́ yìí mu mọ́. Gbogbo ìpele ilé ló ń bèèrè owó lọ́wọ́, bí owó bá sì dúró, ilé á dúró: ìpìlẹ̀ tí koríko bò àti ògiri tí kò ní òrùlé wà káàkiri ẹ̀yìn ìlú, ọ̀pọ̀ sì ti pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní iyì ni àwọn ènìyàn ń wá, pé ojú ń ti onílé amọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ sọ nípa àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀? Ṣáájú ìgbà búlọ́ọ̀kù, nígbà tí àrà ìkọ́lé tí àwọn Àgùdà kó bọ̀ láti Brazil ti ń tàn láti Èkó wọ àwọn ìlú inú ilẹ̀, amọ̀ ni ọ̀pọ̀ olówó ilẹ̀ Yorùbá fi mọ ilé olókè tí wọ́n fi ń yangàn. Iyì kò kúrò lára amọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Wolé-wolé náà kópa tirẹ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n fèrèsé, ìmọ́tótó àti ilé ìgbẹ́ ló ń bèèrè, ògiri amọ̀ sì lè gba fèrèsé tó fẹ̀ dáadáa.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ: ilé amọ̀ ń wó, ó sì ń pa ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó wó dáadáa, ẹ ó rí i pé òrùlé ló kọ́kọ́ lọ, tàbí ìdí ògiri tí omi jẹ, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Ilé búlọ́ọ̀kù pàápàá ń wó ní ìlú ńlá, nígbà tí aláṣetà bá yọ búlọ́ọ̀kù púpọ̀ jù nínú àpò símẹ́ńtì kan. Ẹ̀kẹta ni pé kò sẹ́ni tó máa padà sídìí ọ̀wẹ̀. Èmi náà gbà, n kò sì fẹ́ kí obìnrin kankan tún máa fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé lọ́dọọdún. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n lára, símẹ́ńtì ilẹ̀ yàrá sì jẹ́ ìdáǹdè gidi fún wọn.

Ṣùgbọ́n àárín koríko àti búlọ́ọ̀kù kò ṣófo. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Raúl Ramírez ṣe ẹ̀rọ kékeré kan ní Colombia tí wọ́n ń pè ní CINVA-Ram: ènìyàn méjì ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò lo iná mànàmáná, ó sì ń fún ilẹ̀ pupa tí a po símẹ́ńtì díẹ̀ mọ́, bí 5 nínú 100, títí yóò fi di bíríkì líle. Ní Nàìjíríà, NBRRI, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí ilé àti ọ̀nà láti 1978, ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì ń polongo rẹ̀. Ilẹ̀ pupa pọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń dáwó kọ́ gbọ̀ngàn lè ra ẹ̀rọ kan fún ìlú, kí onílé kọ̀ọ̀kan máa yá a. Àwọn kan á ní símẹ́ńtì ti sún mọ́ wa, pé láti 2007 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀bàjánà ti ń ṣe é, kò sì jìnnà sí wa. Lóòótọ́ ni, síbẹ̀ jíjẹ́ aládùúgbò ilé iṣẹ́ kò sọ àpò símẹ́ńtì di ohun tí àgbẹ̀ ń rà láìronú.

Bíríkì ilẹ̀ nìkan kò tó, àṣìṣe ti etí òrùlé yóò tún pa á. Ìpìlẹ̀ òkúta gbọ́dọ̀ gòkè kúrò nílẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà tà dé ara ògiri, òrùlé sì gbọ́dọ̀ tún yọ síta, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn káfíńtà á ní atẹ́gùn á ká irú páànù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì parọ́: páànù ìsinsìnyí fúyẹ́, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì le. Òpó ni ìdáhùn, òpó tí a rì mọ́lẹ̀ tí a sì so òrùlé mọ́ dáadáa, yíká ilé, bó ṣe wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn agbo ilé tó ṣì dúró ní Ìlá àti Òmù-Àrán. Owó páànù tó lé yìí àti ti òpó, kí onílé gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó símẹ́ńtì tí yóò fi tún ògiri rẹ́ nígbà gbogbo, kó tó sọ pé òun kò ní in.