Tọkọtaya Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Ìlú ní Abẹ́òkúta

Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti àti aya rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, tí wọ́n ṣègbéyàwó ní 1925, fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ sin ìlú gidigidi. Ọkọ ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Síbẹ̀, iṣẹ́ ìyàwó ló wọ inú ọjà jù: Abẹ́òkúta Ladies' Club tí ó ń darí, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tí wọ́n mọ̀wé, ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó sì di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ni àwọn obìnrin yìí gbógun tì, títí Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba ìlú náà, fi kúrò lórí oyè ní 1949.