Láti Ilé Iṣẹ́ Irin Ni Skáànù Aláboyún Ti Wá

Ẹni tó bá mọ Ṣàngó-Ọ̀tà mọ ariwo irin. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà níbẹ̀, ilé àyẹ̀wò tí àwọn aláboyún ti ń ṣe skáànù náà wà lẹ́bàá títì. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ẹbí ni àwọn méjèèjì.

Lọ́dún 1955, dókítà Ian Donald kó àwọn kókó tí wọ́n gé jáde nínú àwọn obìnrin sọ́kọ̀, ó gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew, nítòsí Glasgow. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ń wá ibi tí irin ti sán. Ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọnú irin. Bí ìró náà bá kan àbùkù, á ta padà. Donald dán an wò lára àwọn kókó náà, ó sì ṣiṣẹ́. Ní 1958, òun, John MacVicar àti Tom Brown gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú The Lancet. Bí skáànù aláboyún ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iṣan pẹlẹbẹ kan pààlà láàrin àyà àti ikùn wa. Òun la fi ń mí. Nínú nǹkan bí ọmọ 3,000, a máa ń rí ọ̀kan tí ihò wà lára iṣan yìí látinú oyún. Ìfun àti agbẹ̀du á gba ihò náà gòkè sáyà, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní ráyè dàgbà. Ìyá kò ní mọ̀, nítorí ọmọ inú oyún kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Ọjọ́ ìbí ni wàhálà ń dé.

Bochdalek ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní 1848. Ní 1946, Robert Gross ní Boston ròyìn iṣẹ́ abẹ tó yọrí sí rere lára ọmọ tí kò tíì pé wákàtí 24 láyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìbí ni gbogbo ìyẹn. Skáànù ló jẹ́ ká lè rí i ṣáájú: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, agbẹ̀du á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn, ọkàn á sì ti sún kúrò ní àyè rẹ̀.

Ọmọ wa náà wà nínú ìtàn yìí. Ní 2016, Oluyinka Olutoye, tó kàwé ìṣègùn ní Ifẹ̀, àti Darrell Cass ṣí ilé ọmọ ní Houston, wọ́n gé kókó kúrò lára ọmọ inú oyún ọ̀sẹ̀ 23, wọ́n sì dá a padà títí ọjọ́ ìbí rẹ̀ fi pé. Kókó ni tirẹ̀, kì í ṣe ihò, ṣùgbọ́n skáànù ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Ní 2016 yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí aláboyún ṣe skáànù kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Síbẹ̀, "akọ ni àbí abo?" ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ẹ máa fi èyí kún un: "Ẹ bá wa wo àyà ọmọ." Bí a bá rí ihò náà ní ọ̀sẹ̀ 20, oṣù mẹ́rin ló kù láti ṣètò ìbí sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní oníṣẹ́ abẹ ọmọdé. Bó bá di ọjọ́ ìbí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta kò sì mọ ọmọ tuntun.