Èlò Àtijọ́, Ayẹyẹ Tuntun: Àbíkẹ́yìn Tó Dàgbà ní Peckham

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá fi ń sọ pé ọmọ ti di àgbà. Ọ̀rọ̀ náà "bàlágà" tí a ń lò káàkiri lónìí, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti bá ẹ̀sìn Ìmàle wọlé, ìyípadà ara ni ó sì ń tọ́ka sí ju ipò láwùjọ lọ. Ipò láwùjọ ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dé. Bàbá yóò fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní ilẹ̀ kí ó máa dá oko tirẹ̀, ọmọ náà yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àárọ̀, yóò gbéyàwó, yóò bímọ, bí ó sì ti ń gun àkàsọ̀ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa wúwo sí i nínú agbo ilé. N. A. Fádípẹ̀, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí a sì tẹ̀ ní ìwé ní Ìbàdàn ní 1970, fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, iṣẹ́ àti ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń wá bí ọmọ Yorùbá ṣe ń dàgbà yóò ti rí i.

Àwọn ìlú kan yàtọ̀, ṣá. Ní Oǹdó, obìtun ni a fi ń fi ọmọbìnrin tí ó tó ilé ọkọ han ìlú, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, ijó àti orin. Ní Ìjẹ̀bú, régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, tí ó tún gbérí lásìkò Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, ń to ìran kan tẹ̀lé èkejì níwájú ọba, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni irú àṣà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kó ọ̀dọ́ jọ. Wọn kì í ya ọmọ kan sọ́tọ̀ nítorí pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé. Nítorí náà, ẹni tó bá wà níbi àpèjẹ ọmọ ọdún méjìdínlógún tàbí mọ́kànlélógún ní Peckham, tó gbọ́ tí alága ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní "àṣà wa", lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè: àṣà wo, láti ìgbà wo?

Ìtàn àwọn Yorùbá ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpèjẹ. Nínú àwọn tí ó wá ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Wọ́n wá kọ́ òfin, ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń gbèrò láti padà sílé bí ìwé ẹ̀rí bá ti bọ́ sọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ń kàwé, tí wọ́n tún ń ṣiṣẹ́, kò rí ìyá àgbà tàbí àbúrò tí yóò bá wọn gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó ní Kent, Sussex àti ibòmíràn, wọ́n ń san owó ìtọ́jú, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n nígbà tí àyè bá gbà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni kò gbọ́ Yorùbá ní ìgbà èwe wọn rárá. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986 sì sọ náírà di yẹpẹrẹ. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé físà yóò di dandan fún ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀nà ìpadà kò hàn kedere mọ́ fún àwọn tí ó dé nígbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dúró. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2011, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún olùgbé Southwark, àdúgbò ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà, ni ó pe ara wọn ní aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 sì ka 240 ìjọ Kristẹni tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark nìkan, àwọn kan nínú ilé tí ó ti jẹ́ ilé-ìkẹ́rù-sí rí ní Old Kent Road. Ìjọ wọ̀nyí ni ó pèsè gbọ̀ngán, pásítọ̀ àti ètò ìdúpẹ́ tí àpèjẹ ọmọ nílò.

Ọjọ́ orí tí a ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Mọ́kànlélógún ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ènìyàn sí àgbàlagbà títí di 1 Oṣù Kìíní 1970, nígbà tí òfin tí wọ́n ṣe ní 1969 sọ ọ́ di méjìdínlógún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà Òmìnira bá mọ́kànlélógún níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe àmì rẹ̀, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Títí di òní, ìdílé kan lè gé kéèkì kékeré fún méjìdínlógún kí wọ́n sì gba gbọ̀ngán fún mọ́kànlélógún, ó lé ní 50 ọdún lẹ́yìn tí òfin ti gbàgbé rẹ̀.

Ìṣe inú àpèjẹ náà ni ó jẹ́ tilé, ṣùgbọ́n inú ayẹyẹ mìíràn ni a ti ṣà wọ́n. Oyin, iyọ̀, omi, obì, orógbó àti ataare tí àgbà ìdílé fi ń wúre, tí a lè rà ní Rye Lane láìrìn jìnnà, ìsọmọlórúkọ ni ó ni wọ́n. Alága tí ń ṣẹ̀fẹ̀, tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ dé, ìdána ni ó ti wá. Aṣọ ẹbí àti owó tí a ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí wá láti òde ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Nínú ìdílé Mùsùlùmí, wòlímọ̀ ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́, ó sì dára jù ní ọ̀nà kan: ohun tí ọmọ mọ̀ ni ó ń yẹ̀ wò, kì í ṣe iye ọdún tí ó ti lò láyé.

Ó rọrùn láti pe èyí ní àdàlù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo oyin àti iyọ̀ yẹn. Ọmọ tí a sọ lórúkọ nínú ilé ìjọba alájà púpọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́fà péré ni ó wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ orí fóònù ni bàbá àgbà ti pe orúkọ. Àpèjẹ ọdún méjìdínlógún ń ṣe ìsọmọlórúkọ náà parí, lójú ẹbí tí ó yẹ kí ó ti jẹ́rìí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí gbọ̀ngán fi ń kún fún àbíkẹ́yìn jù? Ìdáhùn kan jẹ́ ti owó. Nígbà tí àkọ́bí dàgbà, ìyá lè ṣì máa jí lóru lọ nu ọ́fíìsì láàárín Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì máa fowó ránṣẹ́ sílé. Àdúrà ní pálọ̀ ti tó. Ìdáhùn kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ àkọ́bí ni a sábà fi ń pe ìyá: Ìyá Báyọ̀ ni títí ayé, bí ó tilẹ̀ bí mẹ́rin tẹ̀lé Báyọ̀. Àkọ́bí sọ ọ́ di ìyá. Àbíkẹ́yìn ni yóò sọ pé ó ti tọ́mọ tán. Àwọn àlejò a kí ọmọ kú ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n ń kí kú oríire.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1997, sọ pé ipò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ó ń to àwùjọ Yorùbá àtijọ́, kì í ṣe akọ tàbí abo. Àwọn kan ti bá a jiyàn lórí apá kejì. Apá kìíní ṣì ń hàn ní Peckham. Ọmọ yìí lè dìbò, ó lè tọwọ́ bọ ìwé, ṣùgbọ́n kò ní jí lọ́la kí ó máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ ṣákálá. Ìwé ìjọba nìkan ni ó máa ń da ètò náà rú. Òfin ọmọ-ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 1983 fòpin sí ìgbà tí bíbí ọmọ sórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tó láti sọ ọ́ di ọmọ-ìlú. Ipò òbí ni a ń wò láti ìgbà náà, ọmọ tí kò bá sì bọ́ sí i lè gba ẹ̀tọ́ ìforúkọsílẹ̀ bí ó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Ní 2018, owó ìforúkọsílẹ̀ ọmọ kan ti kọjá £1,000. Nínú ìdílé kan náà, a lè bí àkọ́bí sí Èkó, kí a bí ìkejì ní ilé ìwòsàn King's ní Denmark Hill nígbà tí òbí kò tí ì ní ìwé, kí a sì bí àbíkẹ́yìn níbẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé dé. Ẹ̀gbọ́n nínú ilé wá di àbúrò lójú òfin. Méjìdínlógún ni ó sábà ń tú u fó, nítorí pé ọmọ tí kò ní ìwé kì í rí owó ìjọba yá lọ sí yunifásítì. Àwọn ẹ̀gbọ́n tí ń jó níwájú àbíkẹ́yìn nínú gbọ̀ngán náà, àwọn kan nínú wọn fi ọdún méjìdínlógún tiwọn dúró de lẹ́tà.

Ní ti èdè, ètò náà tún yí padà. Àkọ́bí gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òbí tí kò ní ẹlòmíràn láti bá sọ̀rọ̀. Àbíkẹ́yìn bá ẹ̀gbọ́n mẹ́ta tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé. Èyí máa ń hàn nígbà tí àgbà obìnrin kan bá gba makirofóònù tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Ọmọ náà a kúnlẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a máa wo ẹnu tí ń sọ̀rọ̀. Ojú a ti àwọn òbí. Bóyá kò yẹ kí ó tì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù tí ó sì kọ̀wé lórí oríkì níbẹ̀ ní 1991, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú oríkì ni ìtumọ̀ rẹ̀ fara pamọ́ fún àwọn tí ń kì í pàápàá. Agbára rẹ̀ wà nínú pé a dojú rẹ̀ kọ ẹnì kan. Ẹni tí a ń kì kò nílò láti lóye gbogbo rẹ̀. Ẹni tí yóò kini ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni yẹn ni kò sì sí nínú gbọ̀ngán lẹ́yìn àgbà obìnrin yìí, àyàfi àkọ́bí tí ó mọ ìlàjì, tí ó sì gba ìyókù sílẹ̀ sórí fóònù.

Fún ọ̀pọ̀ òbí, àbíkẹ́yìn tún ni gbèdéke ìpadàlọ sílé. Ilé tí wọ́n ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú ń dúró de ìgbà tí ọmọ tó kéré jù yóò tó ara rẹ̀ í tọ́jú. Nígbà tí ó bá wá pé méjìdínlógún, wọ́n á ní kí ó kọ́kọ́ pé mọ́kànlélógún ná.